Irùngbọ̀n Inú Òkun Kọ́lápọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló lè sọ fún mi nínú yín, kí ló fà á gan-an tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko? Ẹ má wulẹ̀ máa wo ojú ara yín. Ẹni tó bá ní baba ńlá òun ti ń pa òwe náà kí wọ́n tó bí mi, mi ò bá a jà. Baba ńlá kálukú ló mọ ohun tó rí. Ohun tí èmi fojú ara mi rí ni n ó sọ, Ìkìrun ló sì ti ṣẹlẹ̀, nílé tó kángun sí tiwa, tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Ẹ sún mọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ń hó nínú mi láti àárọ̀.

Kọ́lápọ̀ lorúkọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n Wàràwàrà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kànga ẹlẹ́rọ ló ń gbẹ́ jẹun. Bí àpáta bá wà nísàlẹ̀, yóò gbé irin lé e, ẹ̀rọ á máa ké, ilẹ̀ á máa mì, àpáta á fọ́, omi á sì tú jáde. Láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò rò pé nǹkan kan wà láyé tí agbára ò ká. Bí ìdérí ìgò oyin bá há, ọrùn ìgò ló máa ń ṣẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá há, èjìká ló fi ń ṣí i. Káfíńtà àdúgbò wa kò mọ ebi nítorí tirẹ̀.

Tinúadé ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀, dókítà eyín ni, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀ kì í mọ ìgbà tí eyín ti kúrò lẹ́nu òun. Ibi iṣẹ́ yìí náà ni wọ́n ti pàdé. Eyín kan ló ń dun Kọ́lápọ̀, kò lè dúró de ẹnikẹ́ni, ó ki ẹ̀mú tí wọ́n fi ń tú páìpù bọ ẹnu, ó fà á, eyín dá sí méjì. Ìdajì tó kù ló gbé lọ bá Tinúadé. Obìnrin náà rọra yọ ọ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n lára, ọkùnrin náà sì sọ níbẹ̀ lórí àga pé òun ti rí ìyàwó.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ bí òkun ṣe dé Ìkìrun.

Iṣẹ́ kànga ló gbé Kọ́lápọ̀ lọ sí Badagry, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sẹ̀tónjí, tó ń sin ẹja òkun tà. Nínú pálọ̀ ọkùnrin náà ló ti rí àpótí gíláàsì ńlá kan. Omi iyọ̀ ló kún inú rẹ̀, òkúta òkun wà nísàlẹ̀, iyùn sì hù lára òkúta náà. Iyùn ni mo wí o. Èyí tí ẹ ń so mọ́rùn yẹn, nǹkan abẹ̀mí ni nígbà tó wà nínú òkun. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà nínú àpótí yìí ń là bí òdòdó, wọ́n sì ń pa dé bí ohun kan bá dẹ́rù bà wọ́n. Ẹja kékeré méjì ń ṣeré láàárín wọn, ara wọn pọ́n bí ọsàn tó pọ́n dáadáa, ìlà funfun sì yí wọn ká bí ẹni tó so ọ̀já mọ́ra. Kọ́lápọ̀ wò ó títí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Sẹ̀tónjí kìlọ̀ fún un pé nǹkan yìí kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Ìkìlọ̀ náà ò tíì délẹ̀ tí Kọ́lápọ̀ ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e.

Bẹ́ẹ̀ ni òkun ṣe wọ Ìkìrun, ìlú tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ rí òkun níbẹ̀, àfi kó wọ mọ́tò. Gbogbo wa la lọ wò ó. Tinúadé fẹ́ràn àwọn ẹja méjì náà débi pé bó bá tibi iṣẹ́ dé, ọ̀dọ̀ wọn ló kọ́kọ́ ń yà sí kó tó bọ́ bàtà.

Kọ́lápọ̀ náà fẹ́ràn wọn, àmọ́ ìfẹ́ tirẹ̀ ní ìkánjú nínú. Ó fẹ́ kí wọ́n tóbi kíákíá. Níbi tó yẹ kó ti fún wọn ní oúnjẹ tí kò ju ẹ̀kánná lọ, ẹ̀kúnwọ́ ló ń dà sí i. Ó ní iná orí àpótí náà ò gbọdọ̀ kú, kí iyùn lè tètè dàgbà. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń jẹrà sísàlẹ̀ omi, iná ń tàn lókè. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko nínú yín, bí ajílẹ̀ bá pàdé oòrùn, kí ni wọ́n máa ń bí?

Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ewéko kan hù lára òkúta òkun náà, aláwọ̀ ewé, ó rí bí òwú, ó sì ń yọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dà bí irun ojú ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Kò pẹ́, ó ti gùn, ó ń fì síwá sẹ́yìn nínú omi. Irùngbọ̀n la wá ń pè é. Iyùn tí irùngbọ̀n bá ti bò, kì í là mọ́.

Kọ́lápọ̀ pe Sẹ̀tónjí lórí fóònù. Sẹ̀tónjí fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un: kó dín oúnjẹ kù, kó máa pa iná nígbà tó bá yẹ, kó máa pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi lóòrèkóòrè, kó máa fi ìka tu irùngbọ̀n náà níwọ̀n níwọ̀n, kó sì jẹ́ kí òun fi ìgbín òkun tó ń jẹ ẹ́ ránṣẹ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, kó ní sùúrù. Kí ọyẹ́ tó dé, yóò ti lọ fúnra rẹ̀.

Kọ́lápọ̀ dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Àpáta tó tóbi ju ilé yìí lọ ni mo ti lù fọ́. Ṣé koríko inú omi ni n ó wá jókòó dè títí ọyẹ́ fi máa dé?"

Tinúadé ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wí."

Ìgbín òkun dé láti Badagry lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, tí Tinúadé ti lọ síbi iṣẹ́, Kọ́lápọ̀ mú búrọ́ọ̀ṣì onírin tó fi ń ha dógùn-ún ara páìpù, ó ká apá aṣọ sókè, ó sì kó wọ inú òkun. Ó ha òkúta náà bí ẹni ha ìdí ìkòkò tó jóná. Omi dàrú, ó rí bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Nígbà tó tòrò, òkúta mọ́ fónífóní. Ó sáré wá pè mí kí n wá wo bí ọkùnrin ṣe ń ṣe nǹkan.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé kò sí èyí tó kú nínú gbogbo ègé wẹ́wẹ́ tó ha dà nù sínú omi. Kálukú wọn gun orí omi tó ń ṣàn, kálukú wá ibi tó wù ú, ó jókòó, ó ta gbòǹgbò. Kò ju ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lọ, irùngbọ̀n ti wà lára gíláàsì, ó ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń ti omi, ó ti wà lẹ́yìn ìkarahun ìgbín tí wọ́n ní kó wá jẹ ẹ́. Ẹ bá rí ìgbín náà. Ó dà bí bàbá àgbàlagbà kan tó ń lọ sí ìpàdé ẹbí.

Ojú ti Kọ́lápọ̀, inú sì bí i. Ẹ sì mọ̀ pé bí inú bá bí ẹni tó ní ẹ̀rọ ńlá, ẹ̀rọ náà ló máa ń lọ gbé.

Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn agbẹ́kànga fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú kànga tuntun, tó máa ń ti gbogbo ẹrẹ̀ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jáde sókè. Òun ni Kọ́lápọ̀ fà wá sábẹ́ fèrèsé pálọ̀ rẹ̀. Ó ki rọ́bà rẹ̀ bọ inú òkun. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé díẹ̀ lòun ní lọ́kàn láti ṣí i. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ ohun tó ń jẹ́ díẹ̀. Mò ń sá aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ gbùùù, tí omi sì gba ojú fèrèsé wọn já síta. Mo sáré wọlé. Ìdajì òkun ti wà ní àjà, ó ń kán sílẹ̀. Irùngbọ̀n so mọ́ fáànù, fáànù ń yí, ó ń pín in káàkiri ilé. Kọ́lápọ̀ dúró sáàárín pálọ̀, rọ́bà ń jà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ejò, irùngbọ̀n hù sórí rẹ̀ níbi tó ti pá. Ọ̀kan nínú àwọn ẹja náà ti fò jáde, orí rẹ̀ ló bá a ṣe é tó fi já sínú garawa omi iyọ̀ tí Tinúadé pò sílẹ̀. Èkejì há sẹ́yìn òkúta, ó ń wò wá bí ẹni tó fẹ́ pe ọlọ́pàá.

Ibi tó burú jù ni ti ògiri. Àwòrán àna rẹ̀ ni wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀, ìyẹn Bàbá Adéòtí, bàbá Tinúadé, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ rélùwéè, tó sì ń gbé ní Ọ̀fà. Bàbá náà kò dá irùngbọ̀n sí rí láyé rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń fá a. Lọ́jọ́ náà, lára ògiri, irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà, aláwọ̀ ewé.

Nígbà tí Tinúadé dé, kò pariwo. Ó wo àjà, ó wo ẹja inú garawa, ó wo bàbá rẹ̀ lára ògiri. Ó ní láti òní lọ, òun lòun máa tọ́jú òkun. Ó nu ilé, ó nu àwòrán, ó da omi tuntun sí i díẹ̀díẹ̀, ó kó oúnjẹ ẹja sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ń pa iná lásìkò. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni yóò jókòó tì í, tí yóò máa fi ìka tu irùngbọ̀n bí ẹni ń yọ irun funfun lórí ìyá rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Apá ẹ̀yìn mọ́. Iyùn kan là. Òkúta ńlá tó wà níwájú gan-an nìkan ni irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì pọ̀.

Níbi tí nǹkan dé nìyẹn tí Bàbá Adéòtí fi tẹ̀ wọ́n láago. Ó ní òun gbọ́ pé òkun wà nílé ọmọ òun, òun ń bọ̀ wá wò ó ní Sátidé.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú èèyàn tí bàbá yìí jẹ́. Kò fi ìkíni ṣeré. Ó ti kúrò nílé ọkọ ọmọ rẹ̀ àgbà rí láìfọwọ́ kan omi, nítorí pé ọkọ ọmọ náà kí i láti orí àga. Láti ọjọ́ náà, kò débẹ̀ mọ́. Kọ́lápọ̀ mọ ìtàn yìí, ìtàn náà kì í sì í jẹ́ kó sùn bí bàbá bá ń bọ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n pe Tinúadé pàjáwìrì nítorí aláìsàn kan tí àgbọ̀n rẹ̀ wú. Kó tó jáde, ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, pé ẹja ni bàbá òun máa wò, kì í ṣe òkúta. Kọ́lápọ̀ ní òun ti gbọ́. Ó jókòó. Ó wo òkúta náà. Irùngbọ̀n ń fì síhìn-ín, ó ń fì sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dìde.

Ó rántí amọ̀ kan báyìí tó ń lò níbi iṣẹ́, tó pín sí oríṣi méjì. Bí a bá pò wọ́n pọ̀, á rọ̀ bí ẹ̀bà, bó bá sì pẹ́ díẹ̀ nínú omi, á di òkúta. Òun ni wọ́n fi ń dí páìpù tó ń jò. Sẹ̀tónjí pàápàá máa ń lo ìwọ̀n ẹ̀pà kan nínú rẹ̀ láti fi lẹ iyùn mọ́ òkúta. Kọ́lápọ̀ rò ó pé bí òun bá fi bo irùngbọ̀n náà mọ́lẹ̀, kò ní rí iná, á kú sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán kí àna òun tó wọlé. Èrò náà kò burú. Ìwọ̀n ló burú. Ó po èyí tó tó òkèlè iyán ọkùnrin mẹ́rin.

Ó ki ọwọ́ òsì bọ inú òkun títí dé èjìká, ó tẹ amọ̀ náà mọ́ òkúta. Irùngbọ̀n ń yọ̀, amọ̀ kò dúró. Ó bá fi gbogbo ìka dì í mú gírígírí, ó kì í wọ inú ihò òkúta, ó fún un mọ́lẹ̀. Ó ní òun kò ní tú u sílẹ̀ àfi tó bá gan.

Ó gan. Ó gan mọ́ òkúta, ó gan mọ́ ìka, ó gan mọ́ òrùka ìgbéyàwó.

Ó ké pè mí gba ojú fèrèsé, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Mo wọlé, mo gbá a mú ní ìbàdí, mo fà á. Òkúta mì, àpótí mì, ọwọ́ kò jáde. A ò sì lè gbé òkúta náà jáde tọwọ́tọwọ́, nítorí ọ̀pá gíláàsì kan wà tó gba ẹnu àpótí náà kọjá. Ibi tí mo ti ń tún ìdúró mi ṣe ni a ti gbọ́ fèrè ọkọ̀ níta.

Bàbá Adéòtí wọlé pẹ̀lú agbòòrùn rẹ̀ lọ́wọ́. Kọ́lápọ̀ rí i, ó sì ṣe ohun tí ọmọ gidi máa ń ṣe: ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó sọ ara sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kò bá a lọ. Ló bá rọ̀ sára àpótí náà bí aṣọ tí wọ́n sá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ̀ pẹrẹsẹ mọ́ gíláàsì.

Bàbá dúró. Ó ní, "Kọ́lápọ̀, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń dọ̀bálẹ̀ ni, sà."

"Èyí tí mò ń wò yìí kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀."

"Ibi tí mo lè dé nìyẹn, sà. Òkun ló dì mí lọ́wọ́ mú."

Ojú bàbá ti lọ sára ògiri. Tinúadé ti nu àwòrán náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ti wọ abẹ́ gíláàsì rẹ̀, ó gbẹ síbẹ̀, ó sì jókòó sí àgbọ̀n bàbá gẹ́lẹ́. Bàbá wò ó, ó fọwọ́ kan àgbọ̀n ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀rù ba Kọ́lápọ̀ ju ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ há lọ. Ó fà, ó fẹ́ tẹ̀ lé bàbá náà. Gbogbo òkun sún lórí tábìlì, gíláàsì dún káú, omi sì ya sórí bàtà bàbá. Mo gbá àpótí náà mọ́ra. Kọ́lápọ̀ ní kí n bá òun mú òòlù wá, pé òun máa fọ́ gbogbo rẹ̀, kí òun lè kí àna òun bó ṣe yẹ. Mo mú òòlù náà, mi ò purọ́ fún yín.

Ìgbà yẹn gan-an ni èyí tó tóbi nínú ẹja méjèèjì jáde láti ẹ̀yìn òkúta. Ó wo apá Kọ́lápọ̀. Apá náà ti pẹ́ níbẹ̀, ẹja náà sì ti gbà pé ara ilé ni. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé rẹ̀ ṣe: ó fi ẹnu mú irun apá náà ní ẹyọ ẹyọ, ó ń fà á. Èkejì wá ràn án lọ́wọ́. Kọ́lápọ̀ ń bẹ̀bẹ̀, ó sì ń rín lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ó ń rìn ín ní ìgìnnìgìnnì. "Ẹ má bínú sà, ẹ foríjì mí, hẹ̀ hẹ̀, mi ò rí yín fín o sà, hẹ̀ hẹ̀ hẹ̀." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń yí ìdí bí ọmọ tí wọ́n ń fi kànìnkànìn wẹ̀.

Bàbá Adéòtí ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó bojú wẹ̀yìn. Ó gbìyànjú láti pa ojú pọ̀, kò ṣeé ṣe. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, agbòòrùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín sì gbé bàbá jókòó sórí àga láìrò tẹ́lẹ̀.

Bí Tinúadé ṣe bá wa nìyẹn: bàbá rẹ̀ ń nu ojú, ọkọ rẹ̀ rọ̀ sára gíláàsì, òòlù wà lọ́wọ́ èmi. Ó gba òòlù náà, ó tì í sábẹ́ àga. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ọwọ́ náà láti ìta gíláàsì bó ṣe ń wo inú ẹnu.

Ó ní, "Bí ẹ bá fà á, awọ ló máa bó. Bí ẹ bá fọ́ gíláàsì, ẹja ló máa kú. Bí ẹ bá dúró jẹ́ẹ́, n ó yọ ọ́."

Ó mú àwọn irin tín-ín-rín tó fi ń ha eyín jáde. Bàbá di iná tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Ó ń ha, ó ń dá dúró, ó ń tún un wò. Eruku amọ̀ ń jáde fín-ín-fín bí iyẹ̀fun. Ọ̀sán lọ. Ebi ń pa Kọ́lápọ̀, kò sì gbọdọ̀ mira. Ni bàbá, tí kì í jẹun nílé ẹni tí kò kí i dáadáa, bá gbé mọ́ínmọ́ín tí wọ́n sè sílẹ̀ de òun alára, ó bu ṣíbí kan, ó ní, "Ya ẹnu." Kọ́lápọ̀ ya ẹnu. Ohun tí mo rí nìyẹn: àna ń fi ṣíbí bọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, ọkọ ọmọ ń jẹ, ó ń dúpẹ́ lórí ṣíbí kọ̀ọ̀kan.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí ìka tó kẹ́yìn tó jáde. Ọwọ́ náà hunjọ bí ti arúgbó, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ kankan kò sí lára rẹ̀. Òrùka nìkan ló kù sínú òkúta. Kọ́lápọ̀ kò dúró nu ara. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú omi tó wà nílẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, orí rẹ̀ kan ilẹ̀.

Bàbá ní, "Dìde, ọmọ mi. Tòní ti tó."

Tinúadé ń bá ìtọ́jú rẹ̀ lọ. Oúnjẹ díẹ̀, iná níwọ̀n, omi tuntun, ìgbín ń jẹ, ìka ń tu. Nígbà tí ọyẹ́ dé, irùngbọ̀n ti tán, iyùn gbogbo là, àwọn ẹja náà sì ti ń yé ẹyin sí abẹ́ òkúta. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú gbogbo ohun tí obìnrin náà fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n amọ̀ tí Kọ́lápọ̀ fún mọ́lẹ̀ wà níwájú níbẹ̀ títí dòní, ojú ìka márààrún hàn lára rẹ̀ ketekete, òrùka ń dán láàárín wọn. Ó ti le débi pé irin kò ràn án mọ́. Kò sí ohun tó lè mú un kúrò.

Bàbá Adéòtí padà sí Ọ̀fà. Àwọn ojúgbà rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rélùwéè yí i ká, wọ́n ní kó sọ ohun tó rí nínú òkun Ìkìrun. Bàbá rò ó títí, ó sì dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà tẹnu wọn bọ́ sọ́jà, ó tọjà bọ́ sóko, ó sì dé etí gbogbo yín. Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkìrun, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kan amọ̀ náà. Ohun tí bàbá sọ fún wọn ni pé: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.